Omi Nísàlẹ̀ Òróró

Gíláàsì àtùpà màmá àgbà kún lọ́jọ́ Àìkú tí mo dé, ó kún lọ́jọ́ Ajé, ó tún kún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n òróró ólífì inú agolo kò dín rárá láti ibi ìlà tí mo fi bírò fà sí i lára. Iná kì í fi afẹ́fẹ́ nìkan jó. Ta ló ń rọ kí ni sí i?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún màmá àgbà ní ilé ìwòsàn ìlú Kalamata. Bí wọn ò bá ṣe é, kò ní rí ọdún Àjíǹde mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti búra níwájú àwòrán Ìyá Olúwa pé bí iná tí òun gbé wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní òru Àjíǹde bá kú kí òun tó lọ, Ọlọ́run ló ní kí òun má lọ.

Àǹtí Aspasía ló ń bá a gbé, òun ni mo sì fura sí. Òun ló sọ nígbà kan pé ká fi arúgbó sílẹ̀ kó sinmi.

“Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń rọ òróró sí àtùpà?”

“Gíláàsì tó kún! Ṣé kí n rọ ọ́ títí á fi dà sórí Ìyá Olúwa ni?” Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nà mí léjìká. “Ṣé ìwọ̀n òróró ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì?”

Kò wo ojú mi. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ lọ́kàn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Àǹtí jáde lọ ra búrẹ́dì. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Màmá àgbà jókòó sórí ibùsùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ àtùpà, ó ń fi ṣíbí òògùn bu omi láti inú ife rẹ̀, ó ń dà á sínú gíláàsì díẹ̀díẹ̀.

Ó wá yé mi. Omi la kọ́kọ́ máa ń dà sí gíláàsì, ká tó da òróró lé e. Bí òróró bá tán, òwú á kan omi, iná á kú. Òróró tó kù lókè ò ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ẹni tó bá wò ó á ní ó kún.

“Màmá àgbà.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọlọ́pàá ilé! Ta ní kó o máa yọ́ rìn?”

“Ẹ fẹ́ kó kú.”

“Bí Ọlọ́run bá—”

“Ọlọ́run kọ́ ló mú ṣíbí dání, màmá.”

Ó fi ọwọ́ bo àyà rẹ̀. “Ọ̀bẹ ń bà mí lẹ́rù, Anestis. Wọ́n á là mí bí ẹja.”

“Kí ló dé tẹ́ ò kàn sọ fún wa?”

“Kí Aspasía fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Gbogbo Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni mò ń bú àwọn wúńdíá aláìgbọ́n márùn-ún inú Bíbélì yẹn. Àwọn yẹn tiẹ̀ gbàgbé òróró ni.” Ó wo ṣíbí nílẹ̀. “Èmi, omi ni mo bù.”

Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà. Mo gbé agolo wá, ṣùgbọ́n mi ò rọ ọ́.

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ, màmá.”

Ó wo iná náà bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn.

“Kí lò ń dúró wò? Gba iná náà sórí àbẹ́là kó o tó da omi yẹn nù. Yára! Kí Aspasía má sì gbọ́.”

“Kí n má gbọ́ kí ni?” Àǹtí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì.

“Pé o ò tíì di àpò tí mo máa gbé lọ Kalamata,” ni màmá àgbà wí. “Fi ìgò òróró kékeré kan sí i.”