Ewúrẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Joseph

Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń ṣe bátìrì rédíò fẹ́ kọ́ fákìtírì sí Ìbà. Èmi ni mò ń se oúnjẹ fún wọn ní ọ́fíìsì tí wọ́n rẹ́ǹtì ní Òkòkòmáíkò. Ọ̀gá wọn, òyìnbó tó ń jẹ́ Joseph, ti ṣèlérí fún mi pé bí fákìtírì náà bá dúró, èmi ni n ó ṣe olórí àwọn alásè. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ìlérí yẹn ni mo gbójú lé.

Ìjọba ti fọwọ́ sí ìwé, ó ku ẹbí tó ni ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú mi dání lọ kí ẹbí náà torí pé ọmọ Ìbà ni mí, Bàbá Jímọ̀, olórí ẹbí, fa abo ewúrẹ́ kan jáde fún àlejò rẹ̀. Ni Joseph bá fà sẹ́yìn. Ó ní òfin ilé-iṣẹ́ àwọn kò gba òun láyè láti gba ẹ̀bùn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ògbufọ̀, túmọ̀ rẹ̀ tòun ti òógùn lójú.

"Kò gba ewúrẹ́ mi, ó wá fẹ́ gba ilẹ̀ mi?" Bàbá Jímọ̀ dìde. "Ẹ máa lọ sílé o!"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́."

"Mùsítúrà, ìwọ náà ti di òyìnbó?"

"Òyìnbó tó ń gún iyán ni mí, Bàbá."

Ẹ̀rín sọ. Mo ní kí Ọmọ́tọ́ṣọ́ bi ọ̀gá mi: bó bá dúpẹ́, tó fi ewúrẹ́ náà sílẹ̀ kí Bàbá máa bá a sìn ín, ṣé ó ti rú òfin?

Joseph ronú. "Kò sí ohun tó máa bá mi délé?"

"Ìrù rẹ̀ pàápàá kò ní bá yín lọ, sà," ni mo ní kí Ọmọ́tọ́ṣọ́ sọ fún un.

Ó gbá okùn mú, ó dúpẹ́. Ewúrẹ́ wọ́ ọ dé ìdí igi, ẹ̀rín pa gbogbo wa.

"Bó bá bí méjì, ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀ o," ni Bàbá wí. "N kì í rẹ́ àlejò jẹ."

Joseph ní kí wọ́n fi tòun se ọbẹ̀ lọ́jọ́ tí fákìtírì bá ṣí, kí gbogbo wọn wá jẹ ẹ́.

"Ta ni yóò sè é?" Bàbá béèrè.

Joseph nàka sí mi. Bàbá Jímọ̀ jókòó padà, ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá kí òun tẹ̀ka.