Onídà Tí Kì Í Ṣubú

Òmìrán náà gbé kùmọ̀ sókè, ó là á mọ́ Onídà lórí, gbàmù! Ilẹ̀ lanu, eruku bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Onídà dúró digbí. Òmìrán tún là á mọ́ ọn. Ìyá Ìbejì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gbá géèmù títí yóò fi rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ti gbé pádì tó fi ń darí Onídà sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń ki búrẹ́dì bọ tíì.

"Òṣùwọ̀n, wá wo nǹkan," ó ní. "Mo lọ gbé omi kaná, mo padà dé, wọ́n ṣì ń na ọmọ olọ́mọ. Kò kú, kò sì sá."

"Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n."

Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pe obìnrin tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, nítorí òun ló ń wọn agbára fún gbogbo ohun tó ń jà nínú géèmù náà: bí idà yóò ṣe mú tó, bí iná ọfọ̀ yóò ṣe jóni tó, ìyà tí ara kan lè gbà kó tó dákẹ́. Géèmù àdánìkangbá ni. Bí èèyàn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò yan ọ̀kan: kó jẹ́ Onídà tó ń súnmọ́ ọ̀tá jà, tàbí kó jẹ́ Olóògùn tó ń ti òkèèrè pe iná. Iṣẹ́ Òṣùwọ̀n ni pé kí ẹni tó bá yan èyíkéyìí má kábàámọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yìí nìkan ló kù tó ń ṣe dáadáa. Ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń wọ bọ́ọ̀sì. Bẹ́nì kan bá kí i, á dáhùn. Kò sunkún mọ́. Ara rẹ̀ ti kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí pẹ́.

Ọ̀gá jáde láti yàrá rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn Òṣùwọ̀n. "Gbogbo ẹni tá a fún ní géèmù yìí dán wò, Olóògùn ni wọ́n ń yàn. Bó bá fi di ìrọ̀lẹ́ òní tí Onídà ò yí padà, màá yọ ọ́ kúrò nínú géèmù. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi." Kò wo ojú rẹ̀.

Gbogbo ilé iṣẹ́ náà kúkú mọ ìdí ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ọkọ Òṣùwọ̀n, tí wọ́n ń pè ní Gìrìpá, ló wọ aṣọ tó fún mọ́ ara, tó ń ju idà onígi káàkiri nínú yàrá ńlá ìsàlẹ̀ kí àwọn kámẹ́rà lè gba gbogbo ìṣesí rẹ̀ fún Onídà. Ojú Onídà kì í ṣe ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń gbé, ọrùn tó ń yí, ti Gìrìpá ni. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kò tún síbi tí ìyàwó rẹ̀ yóò ti rí i tó ń rìn.

Olóògùn ni Òṣùwọ̀n kọ́kọ́ dojú kọ. Ó bu iná rẹ̀ kù, ó tún bù ú. Ìyá Ìbejì dán an wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbà mí o! Iná yìí ò lè tan àbẹ́là. Kí ni bàbá yìí ṣe fún ọ?"

Òṣùwọ̀n wá pọ́n idà Onídà, títí tó fi jẹ́ pé ó ṣá òmìrán lẹ́ẹ̀kan, òmìrán kú. Ìyá Ìbejì yán.

"Àbúrò mi, jẹ́ n bá ọ sọ òótọ́. Olóògùn tó ò ń bá jà yẹn, bí ọ̀tá bá fọwọ́ kàn án báyìí, ó kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ ọ bí ẹyin, tí mo fi ń jó bá a bá borí. Èyí ńkọ́? Kí ni kí n ṣọ́ lára ẹni tí ò lè kú?"

Òṣùwọ̀n wo Onídà lójú kọ̀ǹpútà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Òun náà mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí i tí ọ̀tá ń lu Onídà, ó fi díẹ̀ kún ìhámọ́ra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi díẹ̀ kún un. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ lòun ń ṣe. Nígbà tó yá, ó pa ìṣubú rẹ̀ pàápàá bí ẹni pa iná, ìyẹn bí Gìrìpá ṣe ṣubú sórí fóòmù fún kámẹ́rà. Ta ló fẹ́ wò ó? Ibùdókọ̀ ni Gìrìpá ṣubú sí lóòótọ́, tó sì kú, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ìyàwó rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀.

Ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra. Ó dá iná Olóògùn padà fún un. Ó bọ́ ìhámọ́ra lára Onídà, ó dín mímú idà rẹ̀ kù, ó sì fún un ní ẹsẹ̀ yíyá: bó bá yẹ kùmọ̀ lásìkò, idà rẹ̀ á wọ ọ̀tá lára, bí kò bá yẹ̀ ẹ́, ó parí. Ó ku kó tan ìṣubú padà. Ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnì. Kò sunkún, kò gbàdúrà. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé kí n gbá a?" Ìyá Ìbejì bi í.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún mi ní pádì."

Òmìrán gbé kùmọ̀. Òṣùwọ̀n mọ̀ pé ó yẹ kóun yẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbé. Gìrìpá fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó fọwọ́ wá ilẹ̀ bí ẹni ń wá bàtà nínú òkùnkùn, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó dákẹ́. Òṣùwọ̀n wò ó tán, ó rí i pé òun ṣì ń mí.

"Háà! Wọ́n pa á!" Ìyá Ìbejì já pádì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òmìrán burúkú, mò ń bọ̀ wá bá ọ." Kò pẹ́ tó fi dìde dúró. "Yẹ̀ ẹ́! Yẹ̀ ẹ́, ọmọ mi! Padà sẹ́yìn, àbí o fẹ́ kú ni?"

Ọ̀gá yọjú, ó wo obìnrin tó ń fò sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má wulẹ̀ yọ ọ́ mọ́," ó ní, ó sì padà wọlé.

Kùmọ̀ tún ba Onídà. Ìyá Ìbejì lọgun, ó di àyà mú. Òṣùwọ̀n ò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Obìnrin náà ló ń wò. Láti ìgbà ìsìnkú, gbogbo èèyàn ló ń káàánú òun. Kò sẹ́ni tí àyà ń já nítorí Gìrìpá, òun alára kò sì jẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́ kù tó lè já òun láyà. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Ẹ máa bá a ṣọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Kì í tètè rí ibẹ̀."