Súwè Tí Mùtíàt Fò

Inú tó bí Mùtíàt lọ́jọ́ náà kò kéré. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ó fo súwè. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó ń ta aṣọ ní ọjà Albert ní Gambia, tó ń fi èdè Wolof bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú, ló ká ìró sókè nínú àgbàlá wọn ní Portuguese Town, tó fi igi fa ilà sórí iyanrìn, tí òun àti Ndey tí wọ́n jọ ń gbélé ń fi ẹsẹ̀ kan fò, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń ṣe é. Wọn ò jalè.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wọn ló gba ẹnu géètì kọjá tó rí i, ó sì lọ wí fún àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀hún ti fẹ́ fi í jẹ Ìyá Ẹgbẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, oyè tó ti ń wù ú láti ọjọ́ tó ti dé Gambia. Àwọn àgbà ní nǹkan ló ń ṣe é. Wọn ò tilẹ̀ bi í léèrè, àdúrà ni wọ́n fẹ́ gbà sí i lórí. Èyí tó dùn ún jù ni pé Ọlátúnbọ̀sún ọkọ rẹ̀ ló ṣíwájú wọn wọlé, tòun ti ike omi àdúrà lọ́wọ́.

Mùtíàt kúnlẹ̀ kí wọn, iyanrìn ṣì wà lórúnkún rẹ̀. Bàbá Ọlá, alága ẹgbẹ́, ní àwọn ò bá ìjà wá. Kó sáà ṣèlérí pé òun ò ní fo súwè mọ́, oyè rẹ̀ ò ní yẹ̀. Ó ní ojú ń ti àwọn.

Mùtíàt wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń ti ìpàdé lọ ta lúdò títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí òun àti Bàbá Ọlá á máa pariwo bí ọmọ iléèwé, tí Mùtíàt á tún gbé oúnjẹ lọ bá wọn níbẹ̀. Ta ló gbé omi àdúrà lọ bá wọn rí? Ó fi ọ̀wọ̀ bi Bàbá Ọlá pé kí wá ni lúdò tiwọn ń jẹ́.

"Ìyẹn yàtọ̀, ìyàwó wa. Bó bá ti rẹ ọkùnrin, ó yẹ kó ṣeré díẹ̀."

Ọlátúnbọ̀sún ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà ká Mùtíàt lára. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà," ó ní. "Ẹ lọ fi obìnrin tí kì í rẹ̀ jẹ oyè yín."

Ó sì lọ ṣí géètì fún wọn.