Ta Ló Sọ Oríkì Mi Fún Ọlájíre?

Abẹ́ òrùlé tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí la wà nígbà tí ìfẹ́ mi di ẹ̀rù.

Mùsíọ́mù kan ni, létí omi ní Sharjah. Tí èèyàn bá dúró sí àárín ilé yẹn lókè, tó sì gbójú sókè, á rí sánmà aláwọ̀ aró tó ń dán, ìràwọ̀ kún inú ẹ̀ bí ẹni fọ́n ọn síbẹ̀. Mo gbórí sẹ́yìn, mò ń wò ó. Ọlájíre dúró lẹ́yìn mi, ó súnmọ́ mi débi pé òórùn lọ́fínńdà ara ẹ̀ ń wọ̀ mí nímú, àmọ́ kò fọwọ́ kàn mí, torí ó mọ̀ pé Sharjah la wà, níbi tí òfin ò ti gba irú ẹ̀ ní gbangba. Ó wá rọra sọ ọ́ sí mi létí:

"Àwẹ̀ró, ṣé o rí bó ṣe rẹwà? Síbẹ̀, kò tó ẹ."

Ọkàn mi kọ́kọ́ yọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ nǹkan tó sọ, ara mi sì tutù wá.

Azeezat ni wọ́n kọ sára Emirates ID mi. Azeezat ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, Zee sì ni àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ń pè mí. Oríkì mi wà nílé, ní Ìwó, lẹ́nu ìyá mi àti ìyá tó bí ìyá mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí nílùú yìí. Ká ní Àṣàkẹ́ ni Ọlájíre pè mí, tàbí Àdùkẹ́, mi ò bá ní ó kàn fi ń kẹ́ mi ni, torí bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn nìyẹn. Àmọ́ ta ló máa ń ṣèèṣì pe èèyàn ní Àwẹ̀ró?

Ẹnì kan péré tí kì í ṣe ará ilé wa ló mọ̀ ọ́n: Bàṣírù, ọkùnrin tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa, tí gbogbo ẹbí ti ń pè ní ọkọ mi. Ó gba oríkì yẹn lẹ́nu ìyá mi, ó ń fi pè mí tó bá ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi pè mí tó bá ń bínú. Òun náà ló fi pè mí lọ́jọ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí pé mo kí ọmọkùnrin tá a jọ jáde ilé ìwé. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì mi ò nà mọ́ títí dòní. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti pinnu pé màá sá. Mo sá wá sí Dubai, mo pa nọ́ḿbà mi tì, mo sì bẹ ìyá mi kó má sọ ibi tí mo wà fún ẹnì kankan. Wọ́n ní Bàṣírù búra pé kò sí ìlú tóun ò ní tọ̀ mí dé.

"Kí lo pè mí?" Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Ojú Ọlájíre yí padà. Ó sáré gbójú sókè, ó ń wo ìràwọ̀. "Èmi? Mo ní Azeezat. Kí nìwọ gbọ́?"

Irọ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju orúkọ náà lọ.

Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Nínú ilé ìyàgbẹ́ wọn tó mọ́ bí àwo tuntun, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi, mo sì pe Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀kínátù. Àwa méjèèjì la jọ gba bedspace ní Hor Al Anz ní Dubai, ibùsùn tiwọn wà nísàlẹ̀, tèmi wà lókè wọn. Àwọn nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìka mi fún.

"Ìyàwó!" wọ́n pariwo. "Ṣé ó ti fi òrùka sí i? Má tíì sọ o, jẹ́ kí n jókòó ná."

"Ẹ̀gbọ́n, ó pe oríkì mi."

"Ṣé ìyẹn ló ń mú ẹ mí hẹlẹhẹlẹ báyìí? Ọkọ tèmi, 'ìwọ yìí' ló máa ń pè mí."

"Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ẹ̀yin gan-an tá a jọ ń sùn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé abọ́ kan kalẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n." Ẹ̀rín ti kúrò lóhùn wọn. "Zee, má bá a wọ mọ́tò o. Má sì jẹ́ kó já ẹ sílé."

"Ṣé kí n pe ọlọ́pàá?"

"Kí lo fẹ́ wí fún wọn? Pé ọ̀rẹ́kùnrin ẹ pè ẹ́ lórúkọ tí ìyá ẹ sọ ẹ́? Má jẹ́ kó fura. Ibi táwọn èèyàn pọ̀ sí ni kó o máa bá a rìn, kó o rọra máa fà á lọ sọ́nà ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì Dubai. Tó o bá ti rí bọ́ọ̀sì, khalas, ó parí, wọ̀ ọ́."

Mo bu omi sójú, mo jáde. Ó dúró dè mí, ó mú báàgì mi dání bí ẹni mú ẹyin. Mo gbà á, mo gbé e kọ́ èjìká. Háà, Ọlájíre! Ọkùnrin tó dìde fún mi nínú metro lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé, tó dúró títí tó fi kọjá ibi tó yẹ kó sọ̀ nítorí kó lè máa wò mí. Sharjah níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ kágò, ó ń bá àwọn oníṣòwò di ẹrù sínú kọ̀nténà lọ sí Èkó. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bẹ̀ mí kí n fi ará ilé wa kan ṣoṣo hàn òun. Èmi ò fi ẹnì kankan hàn án. Kò tilẹ̀ mọ ojúlé mi, ibùdókọ̀ Union ni mo máa ń ní kó ti dágbére fún mi. Tó bá bi mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Bur Dubai ni mo máa ń wí, mi ò jẹ́ wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mọ́tò mi wà níta," ó ní. "Ká lọ sí ọgbà ìgbafẹ́, ká tibẹ̀ lọ sí ọjà souk. Tó bá yá, màá gbé ẹ délé lónìí."

Kò wí bẹ́ẹ̀ rí.

"Jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn," mo ní. "Atẹ́gùn yìí dáa."

A ń rìn létí omi. Àwọn ọkọ̀ ojú omi onígi tò sétí bèbè, àwọn ẹyẹ funfun ń fò lórí wọn, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ aṣọ mi. Lọ́jọ́ mìíràn, ayọ̀ ni ì bá pa mí. Ọlájíre ń yà mí ní fọ́tò.

"Yalla, ó yá, dúró síbẹ̀. Bojú wẹ̀yìn díẹ̀. Jẹ́ kí mọ́sálásí yẹn hàn."

Tó bá ti yà mí tán, á tẹ fóònù, fóònù á dún fìín, á tún wò ó, á rẹ́rìn-ín.

"Ta lò ń fi ránṣẹ́ sí?"

"Customer mi kan ni. Àwọn customer ò ní jẹ́ kéèyàn sinmi." Ó ti fóònù bọ àpò.

Iṣẹ́ wo ni Bàṣírù ń ṣe? Ẹ̀yà ara mọ́tò tòkunbọ̀ ló ń tà. Níbo ni wọ́n ti ń lọ rà á? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò kàn kà á sí ni: Sharjah. Ta ló sì ń bá wọn dì í? Mo yíjú wo ọkùnrin tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń fi ẹnu fọn fèrè.

Nígbà tá a fi máa dé ọgbà ìgbafẹ́ tó wà níwájú souk, gbogbo ọkùnrin tó bá dé fìlà ló ń dà bí Bàṣírù lójú mi. Àwọn ìdílé tẹ́ ẹní sórí koríko, wọ́n ń jẹun, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ọlájíre ra omi, ó ṣí i fún mi.

"Nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀ lónìí," ó ní, kò lè wò mí lójú. "Wàá sunkún."

Mo tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹkún ayọ̀ ni o! Kí ló dé tó ò ń wò mí báyìí, bí ẹni tó rí ejò?"

"Òòrùn ni."

"Òòrùn nínú ọyẹ́? Ìwọ ọmọ yìí!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀ ṣì dùn létí mi, ìyẹn gan-an ló burú ńbẹ̀. Mo fẹ́ sá fún un, mo sì fẹ́ sá tọ̀ ọ́.

Souk náà nìyẹn níwájú wa, ògiri ẹ̀ aláwọ̀ aró ń dán. Mo mọ̀ pé ibùdókọ̀ Al Jubail ò jìnnà síbẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé a ó wọlé, màá máa wo góòlù, màá bá ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Àmọ́ Ọlájíre ò yà síbi tí wọ́n ti ń ta góòlù. Òkè ló kọjú sí, lọ́dọ̀ àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì.

"Wá, ẹnì kan ń dúró dè wá."

Ó yẹ kí n sá nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ mi ló gun àtẹ̀gùn, kì í ṣe èmi. Bá a ṣe dé òkè, mo rí ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn sí wa lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan, tó ń fọwọ́ ra kápẹ́ẹ̀tì pupa. Kò tíì yíjú. Mo mọ ọrùn yẹn. Mo mọ bí èjìká ẹ̀ ṣe máa ń fì.

Mo fa Ọlájíre sẹ́yìn òpó. "Ta nìyẹn?"

"Áà, o ti bà á jẹ́!" Ojú ẹ̀ kún fún ayọ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni! Ẹ̀gbọ́n Bàṣírù. Customer mi ni. Mo fi fọ́tò ẹ hàn wọ́n, wọ́n pariwo pé, 'Àwẹ̀ró! Ọmọ ilé wa nìyí!' Wọ́n ní ẹ ti pàdánù ara yín, kí n mú ẹ wá ní surprise. Orúkọ yẹn bọ́ lẹ́nu mi ní mùsíọ́mù, àyà mi já. Azeezat, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá dọ̀bálẹ̀ fún nítorí ẹ. Wọ́n ní ká jọ gbé ẹ délé lónìí, káwọn lè bá ìyá ẹ sọ pé àwọn rí ibi tó ò ń gbé."

Mo gbé ọwọ́ òsì mi sí i lójú. "O bi mí nípa ìka yìí rí, mo ní mo ṣubú. Irọ́ ni. Òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́tò mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, Ọlájíre. Òun ni mo sá fún."

Ayọ̀ ojú ẹ̀ kú. Ó wo ìka náà, ó wo Bàṣírù, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀.

Bàṣírù yíjú. Ó rí mi. Ó na apá méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó wá kí ọmọ tuntun.

"Àwẹ̀ró mi." Ó ń bọ̀, ohùn ẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. "O rò pé ibí jìnnà ni?"

Mi ò lè pariwo. Mo wo Ọlájíre, kò mira. Mo ní ó ti tán, kò gbà mí gbọ́.

Àfi gbì! Ọlájíre ti nà gbalaja sílẹ̀ lórí mábù, ó sì fọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹsẹ̀ Bàṣírù mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Mo dọ̀bálẹ̀ o! Mo wá tọrọ àbúrò yín!"

"Dìde. Mo ti gbọ́. Dìde!"

"Mi ò ní dìde láìjẹ́ pé ẹ súre fún mi! Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí!"

"Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀! Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù jáde, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀, "Kya hua? Kya hua?" Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Ọlájíre yí ojú sí mi láti ilẹ̀, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Yalla!" ó ké.

Mo sá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba àárín góòlù kọjá, mo bọ́ sí títì, mọ́tò ń fun fèrè lé mi lórí. Bọ́ọ̀sì Dubai tó ń lọ sí Union fẹ́ gbéra. Mo fi káàdì kan ẹ̀rọ, mo bọ́ sórí ìjókòó àwọn obìnrin níwájú, ilẹ̀kùn sì pa dé. Nígbà tá a ń yí kúrò, mo rí Bàṣírù létí títì. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ń ka nọ́ḿbà bọ́ọ̀sì wa.

A ò tíì kúrò ní Sharjah tí fóònù mi dún. Ọlájíre ni. Mo jẹ́ kó dún títí kó tó di pé mo gbé e, mi ò sọ̀rọ̀.

"Azeezat, ó ti wọ takisí." Ó ń mí gúlegúle. "Union ló ní kí wọ́n gbé òun lọ. Má dé Union. Ibi tí bọ́ọ̀sì yẹn bá ti kọ́kọ́ dúró ní Dubai ni kó o sọ̀."

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró dè mí ńkọ́?

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun kọ́ ló ń kọ́ ẹ ní nǹkan tí wàá sọ?"

"O ò lè mọ̀ ọ́n," ó ní. "Èmi ni mo mú ẹ lọ síbẹ̀. Kò sí nǹkan tí mo lè fi búra fún ẹ lónìí. Má sọ ibi tó o bá sọ̀ sí fún mi. Má pè mí." Ó sì pa á.

Mo di fóònù mú sáyà. Ìyá àgbà ará India tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na bébà ìnujú sí mi, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mò ń sunkún. A ti wọ Dubai. Tí mo bá dúró títí dé Union tó sì jẹ́ pé òótọ́ ló sọ, mo ti há. Tí mo bá sọ̀ níhìn-ín tó sì jẹ́ pé irọ́ ni, mo ti há náà. Mo wá ohùn ẹ̀ nínú orí mi, mo tún un gbọ́ látòkè délẹ̀, bóyá màá gbọ́ èémí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èémí tiẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Mo tẹ bẹ́ẹ̀lì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Takisí kan dúró gan-an níwájú ibẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ là sílẹ̀. Mo fà sẹ́yìn. Bàbá arúgbó kan ló ń fa báàgì jáde nínú ẹ̀, ó ń bá dírẹ́bà jà pé kó rọra. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Mi ò rí ẹlòmíràn.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Bọ́ọ̀sì sì forí lé Union láìsí mi nínú ẹ̀.