Asẹ́ Tó Sẹ́ Ọwọ́ Mọ́ Owó

Àrá, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní òun ti fi asẹ́ kọ̀ǹpútà, èyí tó ń ya ímeèlì gidi kúrò lára pàǹtí, sẹ́ òjò rí: omi tó mọ́ gaara bọ́ sínú kànga, ẹrẹ̀ nìkan ló balẹ̀ sójú títì. Ó ní lọ́jọ́ kan náà lòun sẹ́ àlá gbogbo àdúgbò, àlá burúkú kan ò sì ráyè wọlé fún odidi ọdún mẹ́ta.

"Ìyá, ímeèlì lásán-làsàn lẹ wá pè mí sí? Ẹ bẹ erin pé kó wá bá yín gbé abẹ́rẹ́ nìyẹn!"

Ìyá Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Àga tí Àrá fi ìdí lé ló ń wò. Àga ọkọ rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí baba náà ti kú, ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀, àmọ́ láràárọ̀ ni Ìyá ń gbọ́ tí igi rẹ̀ ń dún kéé, bí ìgbà téèyàn ń wá ibi tí ìdí máa gbà rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Aago lọkọ náà ń tún ṣe nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó mọ̀ pé àìsàn yìí ò ní í jẹ́ kóun dìde mọ́, ó kọ lẹ́tà méje sórí fóònù, ó sì yí àkókò sí wọn nídìí bí ẹni ń yí aago ìdágìrì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wọlé sórí kọ̀ǹpútà ìyàwó òun, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tí dókítà ní ẹ̀mí rẹ̀ ò ní í dé. Mẹ́fà ti dé. Wọn ò gùn. Ọ̀kan ní kó fi òróró sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òmíràn ní kó yéé sunkún sórí aṣọ oníbàárà. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ̀kẹfà fi sọnù sáàárín ímeèlì pàǹtí àwọn gbájúẹ̀ kí Ìyá tó rí i. Èyí ló mú un ránṣẹ́ pe Àrá, torí òní ni ti ìkẹyìn ń bọ̀. Wákàtí tí baba náà kú, òwú ni Ìyá lọ rà. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló dì mú kú. Ìyá fẹ́ mọ̀ bóyá ó bínú.

"Ìyá, kí ni gbogbo olè inú ẹ̀rọ yìí ń wá? Owó!" Àrá tẹ o, w, o sínú asẹ́ náà. "Èyíkéyìí tó bá ti ní ọ̀rọ̀ yìí nínú, apẹ̀rẹ̀ pàǹtí tààrà. Kódà, bí òkú ló kọ ọ́, kò lè kọjá!"

"Pa ẹnu ẹ dé, jàre."

Aago mẹ́wàá lù. Kọ̀ǹpútà dún tíín. Orúkọ ọkọ Ìyá yọ lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà, kedere. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti pòórá, bí ẹni tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tó wá rí i pé àlejò wà nílé. Àga dún kéé lábẹ́ Àrá. Bẹ́ẹ̀, Àrá ò mira.

"Ta ló lé e?" Ìyá bèèrè.

Òógùn tó bo Àrá tó fọ aṣọ agboolé mẹ́ta. "Kò sẹ́ni tó lé e, Ìyá! Ó ti wọlé. Ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ẹ jẹ́ n kà á fún yín." Ó húkọ́. "'Olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n, òdòdó ọkàn mi, mo ti dé ọ̀run láyọ̀. Ẹ bá mi tọ́jú Àrá, ọmọ gidi ni—'"

"Ọgbọ̀n ọdún la fi gbé pọ̀, ọkọ mi ò pè mí ní òdòdó rí. Ọ̀rẹ́ mi ló ń pè mí." Ìyá ti dìde, awò ìkàwé ti wà lójú rẹ̀. Ìpolówó oògùn irun ló wà lójú gíláàsì, orí apárí kan ń dán gbinrin. "Ṣé apárí yìí ló ń kí mi láti ọ̀run?"

"Ìyá, ẹ̀rọ yìí ló..."

"Ṣí apẹ̀rẹ̀ pàǹtí."

"Ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, Ìyá—"

"Mo ní ṣí i!"

Ó ṣí i. Lórí òkìtì ímeèlì olè, lẹ́tà keje wà níbẹ̀, ìlà kan péré: *Ore mi, fun mi ni owo re.*

"Ẹ ò rí nǹkan!" Àrá pariwo. "Owó ló ń tọrọ! Òkú ti di gbájúẹ̀! Asẹ́ mi ò jẹ̀bi!"

Ọkọ Ìyá ò fi àmì sórí tàbí sábẹ́ ọ̀rọ̀ rí tó bá ń kọ̀wé. Ó ní aago ò lámì, tayé-tọ̀run sì ń kà á.

"Ọwọ́ ni," ni Ìyá wí jẹ́ẹ́. "Ọwọ́ mi ló ń tọrọ." Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ibi àga náà, àtẹ́lẹwọ́ sókè. "Òpùrọ́, dìde níbẹ̀. Ẹni tó làga ti dé."

Àrá dìde. Àga tó ṣófo dún kéé, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń rọra jókòó. Àrá sì rí i tí ìka Ìyá ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí òfìfo.

Ẹni tó sẹ́ òjò ò mọ ìgbà tó gba ojú fèrèsé jáde. Sálúbàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èkejì gbìyànjú títí dé ìkóríta, ó rí i pé òun ò lè bá Àrá sáré mọ́, ó sì jókòó.