Páálí Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀rá

Inú ń bí Nasrullah láti ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù Uncle Làtíìfù, àbúrò bàbá rẹ̀, ti dúró sísàlẹ̀ fúláàtì wọn ní Peckham nílùú Òyìnbó. Uncle ti ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ fún ìyá Nasrullah. Ó ní tí àwọn bá ti kírun Àsárì tán, òun á gbé ti àtijọ́ lọ dànù, èyí tí bàbá Nasrullah rà kó tó kú, tó sanra lẹ́yìn bí àpò ìrẹsì.

"Ẹ̀rọ fídíò tuntun tí wọ́n rà fún Mọ́mì ẹ, tó bá bá tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yìí ṣiṣẹ́, kó dúró," ni Uncle wí, ó na ẹsẹ̀ lórí àga. "Tí kò bá ṣiṣẹ́, ó ń lọ."

"Ó máa ṣiṣẹ́, sà."

"Engineer. Àtàárọ̀ lo ti ń sọ bẹ́ẹ̀."

Nasrullah kúnlẹ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ tuntun náà kò ní ju ihò HDMI, ihò wáyà ìgbàlódé, lọ, ihò gbọọrọ ayé àtijọ́ nìkan ló sì wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ó ti ra àpótí kékeré kan ní Rye Lane tó ń gba àwòrán lọ́wọ́ tuntun fún àtijọ́. Ó ti so wáyà, ó tú u, ó tún un so. Iná àpótí tàn. Wínníwínní funfun ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn án.

Ó kù kí ó tẹ bọ́tìnnì AV, kí tẹlifíṣọ̀n lè mọ ibi tí yóò ti wo àwòrán. Bọ́tìnnì tó wà lára tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ti kú tipẹ́. Rìmóòtù nìkan ló kù. Ọjọ́ tí wọ́n rà á ni bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀rá wé rìmóòtù yìí, tó fi sẹ́lótéèpù dì í pinpin, kí ọwọ́ ọbẹ̀ má bàa bà á jẹ́. Nasrullah tẹ AV. Nǹkan líle kan kò jẹ́ kó wọlé.

"Mọ́mì, kí ló wà lábẹ́ ibí?"

Àsúmáù, ìyá rẹ̀, kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà. "Páálí. Nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń tẹ ibẹ̀, àwòrán á sá lọ. Ni Dádì ẹ bá dí i."

Uncle rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo ba nǹkan jẹ́ látilẹ̀."

"Mo máa gé ọ̀rá yìí, Mọ́mì."

"O ò ní gé e. Ọwọ́ Dádì ẹ ló wé e."

"Tí mi ò bá gé e, wọ́n máa gbé tẹlifíṣọ̀n Dádì lọ."

"Mo ní o ò ní gé e."

Uncle dìde, ó gbá tẹlifíṣọ̀n mú. "A ti kírun. Yọ wáyà ẹ."

Ojú Nasrullah ṣú. Ó fa ọ̀bẹ yọ nínú abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó la ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Páálí já bọ́. Ó tẹ AV, àwòrán yọ, ó mọ́ kedere.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lára ẹ̀, sà."

Kò bá Uncle sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Uncle wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì nìyẹn." Ó jáde, ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Àsúmáù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ọ̀rá náà nílẹ̀. Ìtẹ̀ka ọkọ rẹ̀ ṣì hàn lára sẹ́lótéèpù tó ti pọ́n.

"Mọ́mì, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó."

"Mi ò bi ẹ́. Lọ mú sẹ́lótéèpù wá."

Nígbà tí Nasrullah fi máa padà dé, ìyá rẹ̀ ti dá páálí náà padà sórí AV, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fíìmù ń lọ níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó ń wò ó.