Okùn Awọ Abẹ́ Ìró

Nígbà tí gẹrígẹrí wá sọ fún Ìyá Aránṣọ pé àwọn elétò ìrànwọ́ fẹ́ fún un ní máṣíìnì oníná lọ́fẹ̀ẹ́, ńṣe ló yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Lọ́fẹ̀ẹ́ báwo? Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Ìyàwó wa, gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbèríko ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Wọ́n á tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀la lẹni tó máa wò ọ́ ń bọ̀. Tó bá ti rí i pé o ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó parí."

Àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀ ni gẹrígẹrí yìí, irun ló ń gé jẹun. Òun náà ti gba àga tó ń lọ sókè sódò lọ́wọ́ wọn, orí rẹ̀ ló sì ń jókòó sí ju àwọn oníbàárà lọ.

"Ẹ kú oríire, ọkọ mi. Kí ni wọ́n fẹ́ jí lọ́dọ̀ tiyín, irun?"

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Àwọn kan ti fẹ̀rín wá rí, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá àwọn obìnrin àdúgbò tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Wọ́n gbé e sọ́kọ̀, wọ́n juwọ́, ó tán. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tirẹ̀ sì rèé, ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Tí wọ́n bá ní kó mú ògbólógbòó wá gba tuntun ńkọ́? Síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti wú bí ìbẹ́pẹ. Tó bá tẹ máṣíìnì títí di ọ̀sán, ọwọ́ ló fi ń gbé ẹsẹ̀ náà wọlé. Láìsí máṣíìnì oníná, iṣẹ́ máa tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bọ́ okùn awọ tó so kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ máṣíìnì mọ́ orí rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ìdí lábẹ́ ìró. Díẹ̀ ló kù kí okùn má ká a. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìdí yìí, o wúlò lónìí. Ẹni tó bá gbé máṣíìnì, irin lásán ló gbé."

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni gẹrígẹrí mú wá, ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tú lẹ́yìn. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ibi máṣíìnì lojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ara tún fu Ìyá Aránṣọ.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán nǹkan díẹ̀ kí n rí i."

"Ó ń sinmi."

Gẹrígẹrí bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ máṣíìnì. "Ìyàwó wa, okùn rẹ̀ dà?"

"Ẹ wá a lọ sínú irun tí ẹ gé lánàá."

Ọ̀dọ́bìnrin náà mí kanlẹ̀. "Mà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ la máa ń ràn lọ́wọ́. Tí mi ò bá rí iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni màá lọ."

Orúnkún ta á, bí ẹni pé òun náà gbọ́.

"Tí mo bá gba tuntun, ibo lẹ fẹ́ gbé èyí lọ?"

"Èyí? Mà, kí la fẹ́ fi irin gbígbó ṣe?"

Irin gbígbó! Ẹ̀rù dìde, ìbínú gba àyè rẹ̀.

"Ṣé máṣíìnì ìyá mi lo pè ní irin gbígbó? Bọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ!"

"Mà?"

"Ìṣẹ́tí rẹ̀ ti tú. Ọkọ mi, ẹ bọ́ síta!"

Ó ju aṣọ kan sí ọmọbìnrin náà pé kó ró o. Ó kẹ̀yìn, ó ká ìró sókè, ó fa okùn awọ jáde. Ẹnu ọmọbìnrin náà là, kò padé. Okùn wọlé, kẹ̀kẹ́ yí, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké tàtàtàtà. Bó ṣe ń rán an ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀: síkẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin náà wà lọ́wọ́ òun, ta ló fẹ́ gbé máṣíìnì sá láìwọ síkẹ́ẹ̀tì?

Kó tó dá síkẹ́ẹ̀tì padà, ó dì í mú ṣinṣin. "Búra pé o ò ní gbé máṣíìnì mi."

"Mo búra, Mà," ni ọmọbìnrin náà wí, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á.

Máṣíìnì oníná dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan ti àtijọ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́, olùkọ́ bi í pé, "Mà, kí ló dé tí ẹ nàró gbọnrangandan lórí ìjókòó?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Irọ́ ni. Okùn awọ ló ń ha á nídìí. Ọwọ́ gẹrígẹrí ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí, ẹni tó sì gba àga lọ́wọ́ àjèjì láìbéèrè nǹkan kan, ta ló mọ ohun tó lè fi sílẹ̀ fún wọn?